Ṣebí: Ohun Tí A Ti Gbà Kí A Tó Béèrè

  

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n sọ̀rọ̀ lórí èrò-ìṣáájú, ìyẹn ohun tí ènìyàn ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí kó tó fojú kan ọ̀rọ̀ rárá. Ẹ ní kí n sọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí n sì fi hàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Mi ò ní lọ jìnnà kí n tó rí ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, lẹ́nu tọmọdé tàgbà, lọ́jà, nílé, ní kóòtù, ní ọsibítù. Ọ̀rọ̀ náà ni ṣebí.

Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Kò sí ẹ̀dá tó lè gbé ayé láìní ṣebí. Ṣùgbọ́n ṣebí tí a kò mọ̀ pé a ní, tàbí tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò, ó lè sọ aláìṣẹ̀ di ọ̀daràn, ó lè gba iṣẹ́ ọwọ́ ẹni lọ́wọ́ ẹni, ó sì lè pa ènìyàn. Nítorí náà, ó yẹ ká mọ ibi tó ti ṣeé lò àti ibi tó yẹ ká ti gbé e tì.

Ṣebí lẹ́nu wa

Ìyá kan ti ọjà dé, ó bá ọmọ rẹ̀ nílé. Ó lè bi í pé, "Ṣé o ti jẹun?" Ó lè ní, "Ǹjẹ́ o ti jẹun?" Ó sì lè ní, "Ṣebí o ti jẹun?" Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló jọ ìbéèrè, àmọ́ ibi tí wọ́n ti gbéra kò dọ́gba. Ẹni tó ní "ṣé" kò mọ̀; "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" dọ́gba lójú rẹ̀. Ẹni tó ní "ǹjẹ́" náà kò mọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wúwo díẹ̀ sí i ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní "ṣebí" ti ní ìdáhùn lọ́wọ́. Ohun tó ń wá ni kí ọmọ náà fọwọ́ sí i. Bí ọmọ náà kò bá tíì jẹun, iṣẹ́ méjì ló já lé e léjìká: ó ní láti kọ́kọ́ tako ohun tí ìyá rẹ̀ ti gbà, kó tó wá sọ pé ebi ń pa òun. Ọmọ mìíràn á kúkú dákẹ́, á lọ sùn pẹ̀lú ebi.

Ẹ tẹ́tí sí i níbi tí wọ́n ti ń ná ọjà. "Ìyá, ṣebí iye tí ẹ tà á fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá náà ni?" Oníbàárà kò béèrè iye owó, ó ti fi owó tó bá a lára mu kalẹ̀, ó ń retí kí ìyá ọlọ́jà gbà. Ìyá náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún òun, òun náà á fi tirẹ̀ dáhùn: "Ṣebí ẹ̀yin náà mọ iye tí ọkọ̀ ń gbà báyìí?" Ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lò, oníkálukú sì ń fà á sí ilẹ̀ tirẹ̀. Ìwọ̀nyí kò ní ìpalára nínú. Ọjà ni wọ́n ń ná, àwọn méjèèjì ló sì lẹ́nu.

Ṣebí ní iṣẹ́ rere tó ń ṣe. A fi ń ránni létí: "Ṣebí òní ni ìpàdé?" A fi ń báni wí: "Ṣebí mo sọ fún ẹ!" A fi ń bẹ̀bẹ̀, a fi ń pàrọwà nígbà tí ìjà bá fẹ́ dé: "Ṣebí ọmọ ìyá ni wá?" Ní irú ibi wọ̀nyí, ohun tí ṣebí gbé kalẹ̀ ti wà láàárín àwa méjèèjì tẹ́lẹ̀. A kò fi tipátipá gbé e lé ẹnikẹ́ni. Ó ń rán wa létí pé a jọ ní nǹkan kan pọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yá, torí pé bí a bá ní ká máa fi ìdí gbogbo nǹkan múlẹ̀ kí a tó sọ̀rọ̀, ilẹ̀ á ṣú ká tó kíra tán.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí a bá fi ẹni tó ń ro èrò náà síwájú ọ̀rọ̀ yìí. "Mo ṣebí o ti lọ." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti rí ẹni náà níwájú rẹ̀ tó jókòó. "Wọ́n ṣebí eré ni." Ẹni tó gbọ́ èyí ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré mọ́. "Ó ṣebí òun gbọ́n." Kò sí Yorùbá kan tó máa gbọ́ èyí tó máa rò pé wọ́n ń yin olúwarẹ̀. Bí ṣebí bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ó ń pàṣẹ pé kí a gbà. Bí ó bá tẹ̀lé "mo" tàbí "ó" tàbí "wọ́n", ó ń jẹ́rìí pé ohun tí wọ́n gbà ti já sí òfo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ojú méjì ló ní. "Ṣebí" òní ni "mo ṣebí" ọ̀la. Àwọn tó fi èdè yìí sílẹ̀ fún wa mọ̀ pé ohun tí ọkàn ti gbà tẹ́lẹ̀ lè yẹ̀, wọ́n sì fi ìmọ̀ náà sínú èdè kí a lè máa bá a pàdé lójoojúmọ́.

Ohun tí ìbéèrè ń gbé wọlé

Kì í ṣe gbogbo èrò-ìṣáájú ló ń fi ṣebí kéde ara rẹ̀. Èyí tó léwu jù ni èyí tó fara pamọ́ sínú ìbéèrè tí ó jọ pé kò ní ẹ̀tàn nínú.

Onímọ̀ ìṣirò kan ní ilẹ̀ Jámánì, Gottlob Frege, kọ ìwé pàtàkì kan lórí ọ̀rọ̀ àti ìtumọ̀ ní 1892. Ó mú gbólóhùn kan: Kepler kú nínú ìṣẹ́. Kepler ni onímọ̀ ìràwọ̀ tó ṣàwárí pé ọ̀nà tí àwọn ayé ń gbà yí oòrùn ká kò rí róbótó bí òrùka. Frege ní ẹni tó bá sọ gbólóhùn náà ti gbà pé ẹnì kan wà tó ń jẹ́ Kepler. Ẹni tó bá sì takò ó, tó ní Kepler kò kú nínú ìṣẹ́, òun náà ti gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì lè jiyàn títí di ọ̀la, ohun tó wà nísàlẹ̀ iyàn náà kò ní mì.

Ẹ jẹ́ ká gbé e wá sílé. Owó ẹgbẹ́ kò pé. Alága dìde, ó ní, "Ta ló jí owó ẹgbẹ́?" Ẹnì kan ní, "Èmi kọ́." Ẹlòmíràn ní, "Akápò ni." Ẹnì kẹta ní, "Mi ò mọ ẹni tó jí i." Gbogbo wọn ti gbà pé wọ́n jí owó náà. Bóyá ẹnì kan kò tíì san tirẹ̀ ni, bóyá akọ̀wé ṣìrò rẹ̀ ni, bóyá owó wà ní báńkì tí wọn kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò, kò sẹ́ni tó rántí béèrè mọ́. "Ta ló" ti pa ìbéèrè tó ṣáájú rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹn "Ṣé wọ́n jí i?" Ẹni tó bá sì gbójú láyà láti padà sẹ́yìn lọ béèrè rẹ̀, wọ́n á ní ó fẹ́ bo olè mọ́lẹ̀.

Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lágbára débi pé ó ń yí ohun tí ènìyàn rántí padà. Ní 1975, onímọ̀ nípa ọkàn ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, Elizabeth Loftus, fi fíìmù ọkọ̀ kan tó ń lọ lójú ọ̀nà ìgbèríko han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ 150. Ó bi ìdajì wọn pé báwo ni ọkọ̀ náà ṣe ń sáré tó nígbà tó kọjá lára àká tó wà létí ọ̀nà. Ó bi ìdajì kejì ní irú ìbéèrè yẹn gan-an, àmọ́ kò dárúkọ àká. Kò sì sí àká kankan nínú fíìmù náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi gbogbo wọn bóyá wọ́n rí àká. Nínú àwọn tí wọ́n ti gbé àká sínú ìbéèrè wọn, ìdá 17.3 nínú 100 ní àwọn rí i. Nínú àwọn yòókù, ìdá 2.7 péré ni. Àwọn tó ní àwọn rí àká yìí kì í ṣe òpùrọ́. Ìbéèrè ló gbé àká wọlé, ọkàn wọn sì tọ́jú rẹ̀ bí ohun tí ojú rí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ọlọ́pàá tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ọ̀ràn ṣojú wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé àká yìí. Nígbà tí ẹ bá bi ọmọ pé, "Kí ni ọkùnrin tó lù ẹ́ wọ̀?" ẹ rí i dájú pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé ọkùnrin ni, òun náà ló sì sọ pé ẹnì kan lu òun.

Ṣebí ní Igbó Olókun

Mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni èrò-ìṣáájú kan ti fẹ́ gba iṣẹ́ àwọn baba wa lọ́wọ́ wọn.

Ní ìparí ọdún 1910, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ifẹ̀. Ọ̀mọ̀wé ni, ó sì bọ̀wọ̀ fún àṣà Áfíríkà ju ọ̀pọ̀ òyìnbó ìgbà ayé rẹ̀ lọ. Ó yẹ ká sọ èyí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé òmùgọ̀ àti ìkà nìkan ni ẹrú èrò-ìṣáájú. Ní Igbó Olókun, wọ́n fi orí kan hàn án tí wọ́n ń pè ní Orí Olókun: orí tí wọ́n fi idẹ dà, tó dé adé, tí ojú, imú àti ètè rẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bíi ti alààyè. Ó fẹ́ gbé e lọ. Àwọn ará Ifẹ̀ fẹjọ́ sùn, àwọn ajẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sí i, orí náà sì padà sílé.

Ohun tí Frobenius kò dá padà ni èrò tó gbé wá. Ìbéèrè tó yẹ kó béèrè ni pé, "Ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?" Ṣùgbọ́n ó ti gbà lọ́kàn pé ṣebí àwọn ará ibí yìí kò lè ṣe irú rẹ̀. Nítorí náà ìbéèrè tó béèrè ni pé, "Àwọn wo ló ti òkèèrè wá tí wọ́n ṣe é?" Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní èdè Jámánì, tí wọ́n sì tẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1913, ó dáhùn pé ilẹ̀ Yorùbá ni Atlantis, ilẹ̀ tí Plato ará Gíríìkì kọ̀wé pé ó rì sínú òkun, àti pé àwọn Gíríìkì ti fẹsẹ̀ tẹ etíkun wa láyé àtijọ́. Kódà bó bá fi ará Íjíbítì tàbí ará Róòmù rọ́pò Gíríìkì, kò sí ohun tó máa yí padà. Gbogbo ìdáhùn tó bá ti tẹ̀lé ìbéèrè yẹn ti gbà pé kì í ṣe ọwọ́ Ifẹ̀.

Ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ ló dá a lóhùn. Ní 1938, lásìkò Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ tí kò jìnnà sí ààfin, ni wọ́n bá kan àwọn orí mìíràn. Nígbà tí wọ́n fi máa kó gbogbo rẹ̀ jáde tán, ó lé ní 15. Méjì nínú wọn bọ́ sọ́wọ́ ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, William Bascom, wọ́n sì padà dé ní 1950. Ní 1957, wọ́n tún rí àwọn ère mìíràn ní Ìta Yemòó, Frank Willett sì wa ibẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Àyẹ̀wò fi hàn pé láàárín nǹkan bí ọdún 1000 sí 1500 ni irú iṣẹ́ wọ̀nyí gbilẹ̀ ní Ifẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti wà kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Potogí tó dé etíkun wa.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tó ṣe irú orí bẹ́ẹ̀ fínnífínní. Ó fi amọ̀ mọ inú orí. Ó fi ìda oyin bo amọ̀ náà, ara ìda yìí ló sì ti fín ìpéǹpéjú, ètè àti etí, nítorí ìda máa ń gba gbogbo ohun tí ìka bá sọ fún un. Ó tún fi amọ̀ mìíràn bo ìda, ó fi ihò sílẹ̀, ó gbé e sínú iná. Ìda yọ́ dànù, ààyè rẹ̀ ṣófo. Ààyè yẹn ló wá da idẹ tó ti yọ́ sí. Bí ó bá tutù, á fọ́ amọ̀ òde kúrò. Amọ̀ kan, orí kan. Bí idẹ kò bá dé ibi ètè, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn, yóò bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwọn kan nínú orí Ifẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́nńbélé, èyí tó ṣòro láti dà ju idẹ lọ. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ àlejò tó ń kọjá lọ. Iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ni, tí baba kọ́ ọmọ, tí ọmọ kọ́ ọmọ-ọmọ.

Igbó Olókun náà ṣì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn ènìyàn ti ń rí ìlẹ̀kẹ̀ àti àfọ́kù ìkòkò tí dígí lẹ̀ mọ́ nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn kan ti gbà pé òkèèrè ni dígí náà ti wá, wọ́n ní Ifẹ̀ kàn tún un yọ́ ni. Awalẹ̀pìtàn ọmọ Yorùbá, Abidemi Babatunde Babalola, wa ilẹ̀ náà, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, ó rí àfọ́kù ìkòkò ìyọ́dígí. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde wọn jáde ní 2017, àyẹ̀wò ohun tí wọ́n fi ṣe dígí náà fi hàn pé irú rẹ̀ kò bá ti àwọn ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń tọ́ka sí mu; ohun èlò tí ilẹ̀ Ifẹ̀ ní ni wọ́n fi ṣe é. Igbó kan náà ni Frobenius àti Babalola wọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ìbéèrè tí oníkálukú mú wọ inú rẹ̀.

Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan kún un fún àwa tó ni Ifẹ̀. Kò yẹ ká lé ṣebí àlejò jáde ká wá gbé ṣebí tiwa jókòó sípò rẹ̀. Bí ọmọ wa bá ní, "Ṣebí gbogbo ohun tó wà nínú àwọn orí yẹn láti ilẹ̀ Ifẹ̀ ni," ẹ sọ fún un pé ọ̀nà jíjìn ni òwò ti gbé bàbà wá sí Ifẹ̀. Ìyẹn kò dín ògo Ifẹ̀ kù. Ó ń fi hàn pé ìlú náà lówó, ó lójú ọ̀nà, ayé sì mọ̀ ọ́n. Òótọ́ tó wọlé lẹ́yìn àyẹ̀wò ló máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

Ṣebí tí òfin sọ jáde

Ibì kan wà tí àwọn ènìyàn ti fara balẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń lo èrò-ìṣáájú: ilé ẹjọ́. Òfin kò díbọ́n pé òun kò ní ṣebí. Ó ní, ó sì sọ ọ́ síta.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, abala 36, ẹsẹ 5, sọ pé ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn jẹ́ aláìṣẹ̀ títí tí wọn yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé ó jẹ̀bi. Ṣebí ńlá nìyẹn: ṣebí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Òfin ẹ̀rí ti 2011 náà ní tirẹ̀. Bí ènìyàn bá kúrò nílé, tí àwọn tó yẹ kí wọ́n gbúròó rẹ̀ kò gbúròó rẹ̀ fún ọdún 7, ilé ẹjọ́ lè gbà pé ó ti kú. Bí obìnrin bá bímọ nínú ìgbéyàwó, tàbí láàárín ọjọ́ 280 lẹ́yìn tí ìgbéyàwó náà tú ká tí kò sì tíì fẹ́ ẹlòmíràn, òfin gbà pé ọkọ yẹn ló ni ọmọ.

Ẹ wo ohun tó mú kí irú ṣebí yìí yẹ ní gbígbà. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Kò fara pamọ́ sínú ọkàn adájọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, òfin sọ ohun tó lè wó o lulẹ̀, ìyẹn ẹ̀rí. Bí ẹni tó sọnù bá yọ lójijì lọ́dún kẹjọ, òkú kò sí mọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, òfin ti ro ẹni tí àṣìṣe máa dùn jù, ó sì gbè é. Bí a bá gbà pé olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, tí kò sì jẹ̀bi, ọdún tó bá fi ṣẹ̀wọ̀n kò ṣeé dá padà.

Òfin tún mọ agbára ṣebí nínú ìbéèrè. Agbẹjọ́rò tó pe ẹlẹ́rìí tirẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀rí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í lórí kókó ẹjọ́ pé, "Ṣebí olùjẹ́jọ́ lo rí tó mú àdá lọ́wọ́?" Adájọ́ á dá a dúró. Ó ní láti béèrè pé, "Kí lo rí?" kí ọ̀rọ̀ lè ti ẹnu ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ jáde. Agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ kejì nìkan ni wọ́n fún láyè láti fi ṣebí dán ẹlẹ́rìí náà wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa ṣe rí i tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Wọn kò ní òmùgọ̀ ni, wọ́n ní òṣìkà ni. Ní ìgboro wa lónìí, ẹnì kan á pariwo "Olè!", kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé kí ni wọ́n jí, taya àti bẹntiróòlù ti dé. Bí ojú bá là tán, wọ́n á ní, "A ṣebí òun ni." Kò sí ìyá tí irú ọ̀rọ̀ yẹn lè tù nínú.

"Ṣebí ibà ni"

Ó kù ibì kan tí mo fẹ́ dé, torí pé ìyẹ̀wù wa ló wà. Ara ń gbóná, orí ń fọ́, oríkèé ń ro. Obìnrin kan dé kẹ́míìsì. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti ní, "Màmá, ṣebí ibà ni?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n kó oògùn fún un, ó lọ. Ẹlòmíràn kò tiẹ̀ dé kẹ́míìsì, agbo ló gbé kaná.

Ìdí wà tí a fi ń rò bẹ́ẹ̀. Ibà wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa lóòótọ́, ṣebí yìí kò sì ṣàì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Àmọ́ ara gbígbóná kì í ṣe ti ibà nìkan. Láti 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà wá nímọ̀ràn pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n fura sí pé ó ní ibà lóògùn ibà. Àyẹ̀wò náà kò nira. Wọ́n á gún orí ìka, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ bín-ín-tín sínú ihò ara ike pẹlẹbẹ kan, wọ́n á fi omi rẹ̀ sí i, wọ́n á sì dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ìlà kan bá yọ síwájú lẹ́tà C nìkan, àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́, kò sì rí ibà. Bí ìlà kejì bá yọ síwájú T, ibà ni. Bí ìlà C kò bá yọ rárá, àyẹ̀wò náà bàjẹ́, kí wọ́n mú òmíràn. Ẹ kíyè sí i pé ìlà C ń yẹ àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ wò. Àwọn tó ṣe é kò ṣebí ó máa ṣiṣẹ́. Wọ́n ṣètò bí a ó ṣe mọ̀.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pàápàá agbègbè Ọ̀wọ̀, wà lára ibi tí àrùn Lassa ti ń yọjú jù ní Nàìjíríà, àrùn tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Bọ̀rọ̀nú ní 1969. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ jọ ibà gan-an: ara gbígbóná, ara ríro, àárẹ̀. Oògùn tí wọ́n ń lò fún un sàn jù bí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá lo ọjọ́ púpọ̀ lórí "ṣebí ibà ni" ń fi àsìkò ìwòsàn ṣòfò, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀ láìwọ ìbọ̀wọ́ náà sì wà nínú ewu. Bí oògùn ibà kò bá mú ara wálẹ̀, ẹ má ra òmíràn. Ẹ gba ọsibítù lọ.

Kí ni kí a ṣe?

Ẹnì kan lè ní kí a kúkú fi ọkàn òfìfo lọ síbi gbogbo. Kò ṣeé ṣe. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá, ìsá náà sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Dókítà tí kò ní èrò kankan tẹ́lẹ̀ kò ní mọ àyẹ̀wò tó máa kọ́kọ́ ṣe. Awalẹ̀pìtàn tí kò rò pé nǹkan wà nínú ilẹ̀ kò ní mú ọkọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju pé kí a sọ ṣebí wa di ohun tí a lè rí, tí a sì lè yẹ̀ wò.

Àbá mẹ́ta ni mo mú wá.

Èkínní, níbi tí orúkọ tàbí ẹ̀mí ènìyàn bá wà nínú ọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká fi "ṣé" rọ́pò "ṣebí". "Ṣé wọ́n jí owó náà?" kí ó ṣáájú "Ta ló jí i?" "Kí ló ń ṣe yín?" kí ó ṣáájú "Ṣebí ibà ni?"

Èkejì, kí ẹni tó fẹ́ ṣèwádìí, ìbáà jẹ́ ní yunifásítì, ní àgọ́ ọlọ́pàá tàbí níléeṣẹ́ ìròyìn, kọ́kọ́ kọ ohun tó ti gbà sílẹ̀, kí ó sì kọ ohun tí òun bá rí tí òun á fi gbà pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ ohun tó lè yí òun lérò padà, ìwádìí kọ́ ló ń ṣe. Ẹ̀rí ló ń kó jọ fún ẹjọ́ tó ti dá.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù lójú mi, nítorí ó kan ọ̀wọ̀ tí a fi ń bá ara wa gbé. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í já àgbà nírọ́. Bí àgbà bá ní "ṣebí", ọmọdé á ní "bẹ́ẹ̀ ni, sà" tàbí "bẹ́ẹ̀ ni, mà", kódà bí inú rẹ̀ bá mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni aláìsàn níwájú dókítà, bẹ́ẹ̀ ni afurasí níwájú ọlọ́pàá, bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ níwájú ọ̀jọ̀gbọ́n. Mi ò sọ pé kí ọmọdé máa rí àgbà fín. Àgbà ni mo ń bá wí: àwa tí agbára wà lọ́wọ́ wa ni ká kọ́kọ́ gbé ṣebí sílẹ̀, ká béèrè ní ọ̀nà tí "rárá" á fi rọrùn lẹ́nu ẹni tó kéré sí wa. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ìlú tí a fi ọgbọ́n méjèèjì dá kò ṣeé fi ṣebí ẹnì kan ṣoṣo tọ́jú.

Mo rọ àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ìyàtọ̀ "ṣé" àti "ṣebí" ní kíláàsì, kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ gírámà lásán, bí kò ṣe bí ọ̀nà ìrònú. Mo rọ àwọn oníkẹ́míìsì kí wọ́n ní ike àyẹ̀wò ibà nílé ìtajà wọn, kí wọ́n sì lò ó. Mo rọ ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ tí wọ́n pariwo "Olè!" kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan kó tó gbé ẹsẹ̀: ṣé mo rí i, àbí mo gbọ́ ọ?

 Bí ẹ bá ní ìbéèrè, mo wà níkàlẹ̀. Bí ẹ bá sì rí èrò-ìṣáájú kan nínú ọ̀rọ̀ mi tí èmi fúnra mi kò rí, ẹ jọ̀wọ́, ìyẹn gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ bi mí.